Ìwọ̀fà Ayé Òde-Òní: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwìn àti Owó Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka

 

A ti sọ̀rọ̀ owó ìjọba púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. A mọ̀ pé ìjọba ń yáwó, a sì máa ń bínú sí i. Lónìí mo fẹ́ kí a wọ inú ilé tiwa lọ, kí a yẹ owó tí ọkọ àti aya ń ná wò, pàápàá èyí tí wọ́n ń yá kí wọ́n tó ná an. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ àti àpamọ́wọ́ kò kan òṣèlú, kí ó ṣe sùúrù fún mi. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni òṣèlú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, ilé ìfowópamọ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Bank of America, fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bí 60,000 ènìyàn ní ìlú Fresno, ní ìpínlẹ̀ California. Wọn kò bèèrè fún un. Wọ́n kàn ṣí àpótí lẹ́tà ni, wọ́n bá káàdì nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ra ohun tí ó bá wù ọ́, àwa yóò san owó fún oníṣọ́ọ̀bù, ìwọ yóò sì san tiwa nígbà tí ó bá yá. Káàdì yẹn náà ni ó di Visa ní 1976. Ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de fífi irú káàdì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò bèèrè ní 1970, ṣùgbọ́n omi ti dànù kí wọ́n tó gbé agbè dúró. Ní 2023, gbèsè tí àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀ kọjá ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù dọ́là, èlé tí wọ́n sì ń san lórí rẹ̀ ju 20 dọ́là lọ lórí 100 dọ́là lọ́dún.

Kí ẹ má ṣe fi ọ̀kan pe èkejì o. Káàdì ATM tí púpọ̀ nínú wa fi sápò, owó tí o ti kó sí báńkì ni ó ń fà jáde. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò sọ fún ọ lójú gbogbo ènìyàn pé kò sí. Káàdì àwìn, èyí tí wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì káàdì, owó ẹlòmíràn ni ó ń ná, kì í sì tètè sọ pé kò sí. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Houston, ní Chicago àti ní àwọn ìlú ọ̀hún yòókù mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ wọn, onílé fẹ́ mọ̀ bóyá o ti jẹ gbèsè rí tí o sì san án, kí ó tó fi yàrá háyà fún ọ. Ẹni tí kò jẹ gbèsè rí, àjèjì ni lójú wọn. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa gba káàdì kan, wọn a sì máa san gbogbo ohun tí wọ́n fi rà lóṣooṣù, èlé kò sì ní kàn wọ́n. Ẹni tí ó bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu tó bẹ́ẹ̀ kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èlé ti ń wá. Lára ẹni tí ó ń san díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀kan. Ká ní ẹnì kan fi káàdì ra nǹkan 1,000 dọ́là, èlé rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là méjì lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ó pinnu láti máa san 30 dọ́là lóṣooṣù, ó sì rò pé òun ń gbìyànjú. Ní oṣù kìn-ín-ní, èlé gbé 20 lọ nínú 30 náà. 10 dọ́là péré ni ó kan ojú owó. Bí kò bá tún fi káàdì yẹn ra ohunkóhun mọ́, kódà bí kò fi ra ìrẹsì kóńgò kan, yóò san owó yìí fún oṣù 56 kí ó tó bọ́, èyí tí ó súnmọ́ ọdún márùn-ún. Gbogbo ohun tí yóò sì san yóò tó nǹkan bí 1,664 dọ́là. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ni ó fi rà, aṣọ náà yóò ti di àkísà kí ó tó san án tán.

Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí, ọkàn mi kò lọ sí Amẹ́ríkà rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ni ó lọ. Àwọn àgbà inú yín mọ ohun tí ń jẹ́ ìwọ̀fà. Àwọn ọmọdé lè wá a nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tí ó bá nílò owó, bóyá fún òkú tàbí fún ẹjọ́, yóò yá a lọ́wọ́ olówó, yóò sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ sin olówó náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí nìyí: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni gbogbo rẹ̀. Ó lè kọ ebè fún olówó fún ọdún mẹ́wàá, ojú owó kò dín ní ẹyọ kan. Ọjọ́ tí a bá kó ojú owó náà sílẹ̀ ní pípé ni ó tó padà sílé bàbá rẹ̀. Ọmọ mìíràn dàgbà sẹ́nu ìwọ̀fà, ó sì lè jẹ́ pé owó òkú ẹni tí kò mọ̀ rí ni ó ń san.

Ìjọba àwọn òyìnbó fi òfin de ìwọ̀fà, a sì dúpẹ́ pé ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san èlé lóṣooṣù, tí ojú owó sì wà níbẹ̀ digbí, kí ni a óò pè é? Ó ń lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀, ó wọ bàtà, ó so táì mọ́rùn. Olówó kò mọ̀ ọ́n lójú, oko rẹ̀ sì ni ó ń ro.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé káàdì àwìn kò tíì gbilẹ̀ níhìn-ín, kí ni ó wá kàn wá? Òótọ́ ni pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ní i ní Nàìjíríà. Àwa ti ní tiwa, inú fóònù ni ó sì ń gbé. O fi àtàǹpàkò tẹ fóònù, wọn kò bèèrè onídùúró, wọn kò bèèrè ohun ìdógò, kí o tó ka ení, èjì, owó ti wọlé. Ká ní ẹ yá 20,000 náírà. Wọ́n yọ èlé kúrò níwájú, wọ́n fi 17,000 ránṣẹ́ sí yín, wọ́n sì ní kí ẹ san 20,000 padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ óò rò ó lọ́kàn pé 3,000 péré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì pé, owó kò sí, ẹ fi 3,000 tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, ìgbà 26 ni. Ẹ óò ti san 78,000 náírà lórí owó 17,000 tí ó kàn yín lọ́wọ́, ẹ óò sì tún jẹ 20,000 síbẹ̀. Kò sí olówó ìwọ̀fà kan láyé àtijọ́ tí ó jẹ èlé tó báyìí.

Bí ẹ kò bá sì san ńkọ́? Láyé àtijọ́, olówó tí ó ti rẹ̀ a máa bẹ ológò níṣẹ́, kí ó lọ dógò ti onígbèsè. Johnson kọ nípa rẹ̀ pẹ̀lú. Ológò yóò wọ ilé láìkí ẹnikẹ́ni, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa bú onílé, yóò gbá adìẹ tí ó bá kọjá mú, títí ojú yóò fi ti gbogbo agbo-ilé, tí wọn yóò sì dá owó jọ nítorí kí ó lè lọ. Ológò orí fóònù kò nílò láti rìn. Ọjọ́ tí ẹ gba owó ni ó ti kó orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù yín. Ó di ọjọ́ kan, àna yín, ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, àlùfáà tàbí lémọ́ọ̀mù yín, wọn óò rí àwòrán yín gbà, tí a kọ ọ̀rọ̀ olè sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ kéde òkú ẹni tí ó wà láàyè.

Àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, lọ ká àwọn kan mọ́ ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà ní oṣù kẹta 2022. Ní ọdún yẹn náà ni ó gbé ìlànà jáde pé kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Ní 2023, Google pa á láṣẹ pé irú ètò ìyáwó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wo orúkọ àti àwòrán inú fóònù ẹni mọ́. Ní 2025, FCCPC tún ṣe òfin tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dára, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin tí ó de ológò kò de èlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti 2020 ni báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ti fún àwọn báńkì láṣẹ pé bí ẹni tí ó yáwó bá kọ̀ tí kò san, kí wọ́n lè gba owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn, nítorí nọ́ńbà BVN kan ṣoṣo ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí ó bá ní òun yóò sá láti báńkì kan sí èkejì ń sá yí òpó kan ká ni.

N kò sọ pé gbogbo àwìn ló burú. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ó wà níhìn-ín yóò lé mi kúrò lórí pèpéle. Àwọn òṣómàáló gbé aṣọ láwìn kiri gbogbo ilẹ̀ yìí, wọ́n sì fi kọ́lé, wọ́n fi rán ọmọ níwèé. Orúkọ wọn gan-an sọ bí wọ́n ṣe ń gba owó: ìlóṣòó ni wọn yóò wà níwájú ilé rẹ títí owó yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Òṣómàáló mọ onígbèsè rẹ̀. Ó mọ oko kòkó rẹ̀, ó mọ ìgbà tí yóò kórè, ìgbà náà ni ó sì ń padà wá. Kò jẹ́ ta aṣọ mẹ́wàá fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju méjì lọ, torí bí onítọ̀hún kò bá rí i san, òun náà gbé. Fóònù kò bìkítà bí o gbé. Bákan náà, ẹni tí ó yáwó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ẹ̀rọ náà ń ránṣọ tí ó sì ń san ara rẹ̀, n kò ní ohun tí mo fẹ́ bá a wí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ CREDICORP sílẹ̀ ní 2024 láti mú kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa ra nǹkan láwìn, ohun tí mo bi ara mi nìyí: kí ni wọn óò rà? Ohun tí ń mówó wọlé ni, àbí ohun tí a óò jẹ tán kí oṣù tó parí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí yóò dun àwọn kan. Èyí tí ó pọ̀ nínú gbèsè wa kì í ṣe ti oúnjẹ. Ti aṣọ ẹbí ni. Ti òkú ni. Ènìyàn ṣàìsàn, a kò rí owó oògùn dá jọ. Ó kú, a rí owó màlúù. A yá owó, a ta ilẹ̀, a gba aṣọ ẹbí mẹ́ta fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì ń pè é ní ọlá. Olórin gba tirẹ̀ lọ, alásè gba tirẹ̀ lọ, ilẹ̀ mọ́, gbèsè ni ó kù sílé pẹ̀lú opó. Mo ti gbọ́ àwọn tí ó sọ pé bí a kò bá ná an, ayé yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ayé kan náà kì í wá nígbà tí ológò bá dé. Ṣé kò yẹ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ lè bá ara wa sọ pé ìnáwó lágbájá, a óò wá, a óò jó, a óò sì wọ aṣọ tí a ti ní nílé? Bí àgbà mẹ́ta nínú ẹ̀ka kan bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ojú kò ní ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo ṣèlérí pé n óò sọ ti òṣèlú. Láti ìgbà ìdìbò gómìnà ní Èkìtì ní 2018 ni ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ lẹ́nu wa: dìbò kí o sebẹ̀. Òfin ìdìbò 2022 sọ ríra ìbò àti títà á di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. A máa ń bú àwọn tí ó ta ìbò wọn pé wọn kò ní làákàyè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ wo púpọ̀ nínú wọn, ìwọ yóò rí i pé ẹni tí ológò ń dúró dè nílé ni. Ẹni tí ó jẹ gbèsè 5,000 tí ó gbọ́dọ̀ san kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ẹnì kan sì na 5,000 sí i lẹ́bàá ibùdó ìdìbò, ẹ sọ fún un nípa ọdún mẹ́rin tí ń bọ̀, kò ní gbọ́. A ti ta á tẹ́lẹ̀ kí ó tó ta ìbò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ tí ó jẹ ọ̀gá rẹ̀ lówó kò lè bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, tí olùkọ́ tí ó jẹ alága ìbílẹ̀ lówó kò sì lè sọ pé òrùlé ilé ẹ̀kọ́ òun ń jò. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó lè dìde sọ̀rọ̀, àfi kí ó wá ọmọ ẹgbẹ́ tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Mo sì mọ ohun tí yóò ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa: owó tí kò tó, ọgbọ́n wo ni a fẹ́ fi ná an? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, iye tí àjọ ìṣirò ìjọba fi síta ni pé ọjà ti gbówó lórí ní 34.80 lórí ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Ìyẹn ni pé ohun tí a rà ní 1,000 náírà ní ìparí 2023 ti di nǹkan bí 1,348. Kò sí ìṣirò inú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó lè sọ 70,000 di 150,000, ẹni tí ó bá sì wá wàásù fún yín pé ìnákúnàá nìkan ni ó sọ yín di tálákà, ẹ má dá a lóhùn. Nítorí náà a kò ní fi ìjà owó oṣù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kékeré ni kò gbọdọ̀ sanlé fún èlé. Olówó lè fara dà á. 3,000 tí ó bọ́ lọ́wọ́ tálákà, ẹ̀wà ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ohun tí a ó fi dípò àwìn wà lọ́wọ́ wa tipẹ́tipẹ́. Èsúsú ni. William Bascom, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1952. Àwọn ará Gánà ń pe tiwọn ní susu, àwọn Hausa ń pè é ní adashi. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú gbé orúkọ rẹ̀ dé Trinidad, wọ́n sì ń dá susu níbẹ̀ di òní. Ènìyàn mẹ́wàá dá 10,000 náírà lóṣooṣù, ẹnì kan kó 100,000. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o yá owó láìsan èlé kọ́bọ̀. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn fi owó pamọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ bá ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kí ó tọrọ ìgbà tirẹ̀ sí oṣù kẹjọ, kì í ṣe pé kí ó jókòó di ọjọ́ tí wọ́n bá lé ọmọ wálé kí ó tó máa tẹ fóònù.

Èsúsú náà ní àléébù tirẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ọjà bá ń gbówó lórí bí ó ti rí ní 2024, owó ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ti dín lágbára. Ó sì ń bẹ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kó tiwọn tí a kò rí wọn mọ́. Ẹni tí ó bá yá ẹgbàafà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Nítorí náà kí ẹ mọ ara yín, kí ẹ má pọ̀ jù, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ kò tíì mọ̀ dáadáa kó tirẹ̀ kẹ́yìn. Ní ti alájọ tí ń gba owó lójoojúmọ́ ní ọjà, owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni iṣẹ́ rẹ̀, kò pọ̀jù. Ẹ kàn wá irú ẹni tí wọ́n fi ń júwe Alájọ Ṣómólú, ẹni tí ó ta mọ́tò tí ó fi ra kẹ̀kẹ́. A máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: kẹ̀kẹ́ wọ inú ọjà ju mọ́tò lọ, kò sì mu epo. Mélòó nínú wa ni ó lè ta ohun tí ń jẹ owó rẹ̀, kí ó ra èyí tí yóò ṣiṣẹ́ fún un, kí àwọn ará àdúgbò sì máa wò ó?

Òṣìṣẹ́ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó wọ̀ ọ́. Láti 1935 ni òfin ti wà fún un ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wọn a máa yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tí ó ti fi pamọ́, èlé rẹ̀ kéré, èlé náà sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn nígbà tí ọdún bá parí.

Ní ìgbà ọ̀wọ́n, oúnjẹ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi owó pamọ́ sí. Ẹ̀wà wọ́pọ̀ nígbà tí àwọn ará òkè Ọya bá kórè tán, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Epo pupa rọjú láti nǹkan bí oṣù kejì sí ìkarùn-ún, nígbà tí ẹyìn pọ̀. Ẹnì kan kò lè ra àpò. Ìdílé márùn-ún lè rà á, kí wọ́n fi kóńgò pín in. Ohun tí à ń rà ní ike kékeré àti ọ̀rá kékeré lójoojúmọ́, àwa ni a ń sanwó ike àti ọ̀rá náà. Kí ẹ gbẹ ẹ̀wà náà dáadáa, kí ẹ kó ata gbígbẹ sí i, kí ẹ má ṣe fi oògùn apakòkòrò sí ohun tí ẹ óò jẹ. Àwọn tí ó ní oúnjẹ àti owó díẹ̀ nílé ní oṣù kejì 2023, nígbà tí owó wà ní báńkì tí a kò rí i gbà, mọ ìdí tí mo fi ń sọ èyí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ àti aya. Gbèsè tí ọkọ fi pamọ́ fún aya, tàbí tí ìyàwó fi pamọ́ fún baálé, ni ó ń tú ilé ká. Gbèsè tí àwọn méjèèjì mọ̀, wọn óò jọ gbé e. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde, ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí a má sì fi ṣe ìjà. Bí owó bá wọlé, ẹ yọ ti èsúsú àti ti ilé kúrò kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Kí ẹ sì rántí àwọn ọmọ yín tí ó wà lókè òkun nígbà tí ẹ bá ń pè wọ́n fún owó: ó lè jẹ́ orí káàdì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ ránṣẹ́, tí wọn kò sì fẹ́ sọ fún yín.

Ó ku àwọn tí wọ́n ti wọ̀ ọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ má ṣe yá lọ́wọ́ fóònù kejì láti san ti fóònù kìn-ín-ní. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, iye tí ẹ jẹ àti èlé rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ pa èyí tí èlé rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ pe ẹni tí ẹ jẹ lówó kí ọjọ́ tó pé, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ lè san ní pàtó. Ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ẹbí kí ológò tó sọ fún gbogbo wọn, torí ìtìjú ni ohun ìjà rẹ̀, ohun tí a bá sì ti sọ jáde kò lè fi dẹ́rù bà yín mọ́. Bí ó bá ti ń fi àwòrán yín ránṣẹ́ kiri, ẹ má ṣe pa iṣẹ́ náà rẹ́ nínú fóònù yín bí ó ti wù kí inú bí yín tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó rí i gbà tọ́jú tiwọn pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà tí ó ti wá, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lọ fún FCCPC. Akọ̀wé ẹ̀ka yóò bá ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀wé kọ ìwé ẹ̀sùn náà lẹ́yìn ìpàdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn, láìgba kọ́bọ̀.